Ọ̀pá Ìbọn Tó Di Oúnjẹ Sẹ́nu

Ẹ̀yin tí ẹ wá gbọ́ ìtàn, ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tí ikọ́ ń ṣe hú u tán nísinsìnyí, nítorí mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ dà bí etù: ẹni tó bá dà á sílẹ̀ kò ní rí i kó padà. Ogójì ọdún ni mo fi ṣọdẹ, ẹkùn mọ ohùn mi, ìkookò mọ òórùn mi, síbẹ̀ ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́jìnmí ni, ọdẹ abúlé Olókìtì, ẹni tó to ìbọn kan jọ láti ara ọ̀pá irin tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín. Mo fi ọwọ́ ara mi kan ìbọn náà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ gbé tirẹ̀ wá kí n wò ó.

Ẹranko kan jáde láti Igbó Àìwọ̀, ó wá tẹ̀dó sí etí odò Àṣeré, odò kan ṣoṣo tí Olókìtì ń mu. Ó tóbi ju ẹfọ̀n lọ, ìpẹ́ bíi ti akíka ló bò ó láti orí dé ìrù, àfi abẹ́ ọrùn rẹ̀ nìkan. Akàbọn ni àwọn ọdẹ ń pè é, nítorí pé ó mọ ìbọn kà. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ṣakabùlà, ẹyọ kan ló ń yìn. Bí ọdẹ bá ti yìn ín, àfi kó da etù sí i lẹ́nu, kó fi òwú tẹ̀ ẹ́, kó ju ọta lé e, kó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, kó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Akàbọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò lúgọ sínú igbó, yóò mi ewé díẹ̀, ọdẹ yóò yìnbọn sí ewé. Ìgbà náà ni yóò tó yọ gedegbe, nítorí ó mọ̀ pé ìbọn ti ṣófo.

Mo rí ẹnì kan tó ń fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí ọdẹ mẹ́wàá kò jọ lọ. Wọ́n jọ lọ. Ó ka mẹ́wàá.

Ọdẹ́jìnmí wà nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Òun gan-an ló kọ́kọ́ rí ewé tó mì, òun ló kọ́kọ́ yìn, àwọn mẹ́sàn-án yòókù sì yìn tẹ̀lé e, bí ewúrẹ́ ṣe ń tẹ̀lé ewúrẹ́ wọ inú oko olóko. Akàbọn jáde, ó pa mẹ́ta nínú wọn, ó sì tẹ ìbọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mọ́lẹ̀, ó rún igi wọn, ó wé irin wọn bí ẹni ń wé ewé ẹ̀kọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìbọn kan ní Olókìtì mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè pọn omi. Ìrì orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbọ̀n sínú igbá.

Olúọ́dẹ, àgbà gbogbo ọdẹ ibẹ̀, pe Ọdẹ́jìnmí jókòó.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ yìn," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ewé lo yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ewé ni."

"Mi ò bá ọ jà. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Wá ìbọn kan, kí o sì pa á. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni a lè fi ìrì ra ẹ̀mí wa. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, a ó di ẹrù, a ó fi ilé àwọn bàbá wa sílẹ̀."

Ìyá Àwẹ̀ró, ìyá tó bí ìyá Ọdẹ́jìnmí, tí wọ́n wà nílé rẹ̀, jókòó nítòsí, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. "Kí ẹ kí mi kí ẹ tó lọ," ó ní. "Èmi ò bá yín lọ."

Gbogbo Olókìtì ló mọ ìdí rẹ̀. Àṣà wọn ni pé bí ọmọ bá ti ké, bàbá rẹ̀ á yìnbọn kan sójú ọ̀run. Ìbọn yẹn ni yóò sọ fún odò, fún igbó àti fún àwọn tó ti kú pé ènìyàn kan ti dé. Ọmọ tí wọn kò bá yìnbọn fún kì í ní orúkọ ìsọmọlórúkọ, oríkì lásán ni wọ́n máa fi ń pè é. Ní ọjọ́ tí wọ́n bí Àwẹ̀ró, wọn kò rí bàbá rẹ̀. Ayé ní ó gbé ìbọn rẹ̀ sá wọ igbó, kò fẹ́ ọmọ. Ó pé àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń pè é ní Ọmọ-tí-ìbọn-kò-kí, àwọn tó sì ń pè é bẹ́ẹ̀ kò tó o bí lọ́mọ.

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin nìkan kò lè dá gbé níbí," Ọdẹ́jìnmí wí.

"Bí ẹni tó lọ bá padà dé, tí kò bá bá ènìyàn kan ńkọ́? Ẹ máa lọ."

Ọdẹ́jìnmí dìde pẹ̀lú ìbínú sí ara rẹ̀. Bó ti fẹ́ jáde nílé ìyá náà, ó gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn kúrò, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ohun tí ojú kò mọ̀. Ọ̀pá náà wúwo, ó ní ihò nínú.

"Ìyá àgbà, irin wo lẹ fi ń ti ilẹ̀kùn yìí?"

"Irin tó ń ti ilẹ̀kùn ni."

"Ta ló ni ín?"

"Ibí ni mo bá a. Ìyá mi kú kí n tó mọ ọ̀rọ̀ bèèrè. Ikán ti jẹ igi ara rẹ̀ tán nígbà tí mo gbọ́njú. Bí o bá fẹ́ ẹ, mú un, ṣùgbọ́n wá nǹkan mìíràn fún mi. Ewúrẹ́ àdúgbò yìí ò nítìjú."

Ọ̀pá ìbọn ni. Ọdẹ́jìnmí fi eré gbé e dé ilé àrọ Ògúnṣínà alágbẹ̀dẹ. Ògúnṣínà fi iyanrìn ha ìpẹtà kúrò, wọ́n rí àmì kékeré kan lára rẹ̀, ó dà bí ẹsẹ̀ àparò. "Mi ò mọ àmì yìí," ó ní, "bàbá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ kò sì fi hàn mí rí." Ẹwìrì ti ń fẹ́, iná ti pọ́n, Ọdẹ́jìnmí sì ń na ọ̀pá náà sí iná kí wọ́n lè tún un nà. Ògúnṣínà gbá a lọ́wọ́ padà. Ọ̀gá oníṣẹ́ ni. Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó tì í bọ ẹnu ìbọn títí tó fi dúró, ó fi èékánná sàmì síbi tí ẹnu ìbọn mọ, ó fà á yọ, ó sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ irin náà. Igi kò dé ìdí. Ó fi ìbú ọwọ́ kan kù.

Ògúnṣínà rọra gbé irin náà jìnnà sí iná.

"Ọdẹ́jìnmí, ṣé o fẹ́ fi ìyàwó mi ṣe opó ni?"

"Kí ló dé?"

"Irin yìí ti jẹun. Kò tíì gbé e mì."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé ìbọn kiri, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ẹ bá rí irin ogbó, ẹ wọn inú rẹ̀ kí ẹ tó wọn ìta. Mo ti rí alágbẹ̀dẹ tí kò wọ̀n. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò kún igbá.

Wọ́n gbé irin náà lọ sẹ́yìn òkìtì ọ̀gán, wọ́n dè é mọ́ igi, wọ́n so iná mọ́ orí ọ̀pá gígùn, wọ́n sì fi kan ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀, èyí tí à ń pè ní etí ìbọn. Iná kú. Wọ́n tún un ṣe, iná kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, iná náà yí ẹ̀yìn padà bí ọmọ tí wọ́n fún ní oògùn kíkorò.

"Etù tó tutù máa ń kùn," Ògúnṣínà wí. "Èyí ò kùn. Ó kọ̀ ni. Ẹni tó ki etù yìí ló mọ ohun tó kì í dè, títí a ó fi mọ̀ ọ́n, irin yìí kò ní gba oúnjẹ mìíràn."

"Níbo ni mo ti máa rí ẹni tó kì í?"

"Ọdẹ tó ní ìbọn tó gbó tó yìí ti kú. Òkè Ìsinmi Ọdẹ nínú Igbó Àìwọ̀, níbi tí àwọn ọdẹ tó kú ń lọ, ni o ti lè rí i. Bí o bá sì ń lọ, wá igi ìdí ìbọn bọ̀, kí o sì wá irin ìṣáná bọ̀, èyí tí ìka ń fà tí òkúta fi ń ṣá iná, nítorí ẹranko yẹn ti rún gbogbo tiwa. Kò yẹ kí ènìyàn rìn ìrìn kan fún ohun kan."

Ọdẹ́jìnmí gbé irin náà kọ́ èjìká, ó mú àdá, iṣu mẹ́ta àti ìgò epo kan, ó wọ Igbó Àìwọ̀. Ẹ má bi mí bí ó ti rìn tó. Ẹsẹ̀ ọdẹ ló ń rìn, kì í ṣe ẹnu rẹ̀.

Ìlú Ikán ló kọ́kọ́ já sí. Amọ̀ pupa ni gbogbo ilé wọn, kò ní fèrèsé. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ funfun bí ẹ̀wù òkú, orí àwọn ọmọ ogun wọn sì tóbi ju ara wọn lọ. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀.

"Bàtà rẹ̀ dùn," ọ̀kan wí.

"Èèkù àdá rẹ̀ dùn jù ú lọ," èkejì wí. "Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n fà á lọ síwájú ọbabìnrin wọn. Ikùn obìnrin náà gùn tó ọgbà iṣu, ọgọ́rùn-ún ìránṣẹ́ ló ń nu ún, kò sì lè dìde láti ọjọ́ tó ti jọba. Ó wo irin náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Mo mọ egungun yìí. Àwa la jẹ ẹran ara rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọge. Àlejò, màá pa àlọ́ kan fún ọ. Bí o bá mọ̀ ọ́n, màá sọ ohun tí mo mọ̀ fún ọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, a ó jẹ bàtà rẹ, a ó jẹ èèkù àdá rẹ, a ó sì jẹ ìwọ náà tẹ̀lé e, nítorí a kì í fi oúnjẹ ṣòfò níbí. Ó jẹun, ó pa ẹnu dé. Kò rún un, kò pọ̀ ọ́, kò gbé e mì. Àádọ́rin ọdún rẹ̀ rèé. Kí ni?"

Ọdẹ́jìnmí ronú ibojì, ṣùgbọ́n ibojì a máa rún oúnjẹ rẹ̀. Ó ronú àpótí, ṣùgbọ́n àpótí a máa pọ oúnjẹ rẹ̀ fún olówó rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀. Èjìká rẹ̀ dùn ún lábẹ́ irin, ó sì rántí igi tẹ́ẹ́rẹ́ Ògúnṣínà.

"Ìbọn tí a kì tí a kò yìn," ó wí.

Ọbabìnrin na ọwọ́ sí àwọn ọmọ ogun. "Ẹ dá okùn bàtà rẹ̀ padà. Gbọ́, àlejò. Igi ara ìbọn yìí dùn, epo ti wọ inú rẹ̀ dé mùdùnmúdùn. Ẹni tó ni ín kì í ṣe aláìnáání, ojoojúmọ́ ló ń fi epo pa á. A kò sì jẹ ẹ́ nínú igbó. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la ti jẹ ẹ́, níbi tó fara ti ògiri, tí ẹní bò ó. Kò sẹ́ni tó ṣí ẹní náà wò. Bí o bá ń wá igi tí àwa kò lè jẹ, lọ bá igi Apá tó wà níwájú. Má mú ju ohun tí o fẹ́ lò lọ."

Ọdẹ́jìnmí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ó dì í sí orí. Ó dé ìdí Apá. Kùkùté pọ̀ yí igi náà ká, gbogbo wọn sì ga tó ènìyàn, wọ́n ní imú, wọ́n ní etí.

"Àwọn wo nìyí?" ó béèrè.

"Ọdẹ ni wọ́n," igi náà fèsì. "Ohun tó tó ìbọn kan ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún, ohun tó tó ilé ni wọ́n gé. Mélòó lo fẹ́?"

Ọdẹ́jìnmí tẹ apá rẹ̀ ní ìgúnpá, ó wọ̀n láti kọ́rọ́ ìgúnpá dé ibi tí ìka ìfàbọn ká sí, ó fi ìbú ọwọ́ méjì kún un fún ibi tí ìbọn yóò sùn lé. Ẹ̀ka tó gùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló gé. Ó gbẹ́ ìdí ìbọn. Ó fi èyí tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbẹ́ ọ̀pá ìkìbọn, ó fi kéékèèké gbẹ́ èdídí méje láì mọ ohun tí yóò fi ṣe, ó fi èèpo rẹ̀ dá iná sun iṣu rẹ̀, ó sì fi eérú rẹ̀ tẹ ojú ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, kò sí èérún kan nílẹ̀. Igi náà gbọn ewé lé e lórí bí ẹni ń súre. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé odindi igi kí ẹ lè rí igi ìyáná, ó yẹ kí ẹ lọ kí àwọn kùkùté wọ̀nyẹn.

Ìlú tó kàn ni Ìlú Ayìntán. Ó ti gbọ́ ìbọn wọn láti òkèèrè, gbòlà, gbòlà, àyà rẹ̀ sì já. Nígbà tó wọ ìlú, ó rí i pé ẹnu ni wọ́n fi ń yìn ín. Ẹnì kan á na igi sí ẹlòmíràn, á pariwo gbòlà, ẹni tí wọ́n nà á sí á ṣubú, á gbọn eruku nù, á sì dìde lọ sí oko rẹ̀. Wọ́n ti ní etù tó kún àká rí. Wọ́n yìn ín fún ìsinmi, wọ́n yìn ín fún oúnjẹ, wọ́n yìn ín nígbà tí adìyẹ yé ẹyin, títí ó fi tán. Irin ìṣáná tí kò ní etù tí yóò tan ni ọba wọn fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn.

"Àlejò," ọba náà wí, "o sọ fún àwọn oníbodè wa pé etù wà nínú irin rẹ. Yìn ín ká gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí a ti ń fi ẹnu ṣe é, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn wá."

"Kábíyèsí, etù inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi."

"Ti ta ni?"

"Ohun tí mò ń wá kiri nìyẹn."

"Ẹ gbọ́ o. Ó ru ẹrù, kò mọ ẹni tó ni ín. Ẹ dè é mọ́ iwájú ẹnu irin náà. Bó bá dún, a ti gbọ́ ariwo. Bí kò bá dún, kó mú ohun tó wù ú lọ́rùn mi kó máa lọ."

Wọ́n dè é, wọ́n kọ ẹnu ọ̀pá náà sí àyà rẹ̀. Gbogbo ìlú fi ọwọ́ na etí wọn síwájú kí ariwo má bàa kọjá wọn. Ọmọ ọba fi iná kan etí ìbọn. Ọdẹ́jìnmí wo iná náà, ó rí ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú abúlé tí ènìyàn ti tán. Iná kú. Wọ́n tún fi kàn án, iná kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, iná náà yí ẹ̀yìn padà, ó sì jó irùngbọ̀n ọmọ ọba. Ariwo tí èyí pa nìkan ni ìlú náà rí gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọba tú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí yan irin ìṣáná kan tí òkúta rẹ̀ ṣì mú.

"Mú mẹ́ta," ọba wí. "Ọwọ́ wa kì í há."

"Ọ̀pá kan ni mo ní, Kábíyèsí."

Báyìí ni ó ṣe dé ẹsẹ̀ Òkè Ìsinmi Ọdẹ. Ẹnubodè ńlá kan wà níbẹ̀, ìbọn àwọn tó ti wọlé kún ara rẹ̀. Ọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ jókòó síta, ó gbé igbá omi sórí ẹsẹ̀, kò sì ní ìbọn. Ọdẹ́jìnmí sọ irin rẹ̀ kalẹ̀ láti kí i. Ọkùnrin náà rí àmì ẹsẹ̀ àparò. Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Ní Olókìtì. Òun ni ìyá àgbà mi fi ń ti ilẹ̀kùn."

"Kí ni wọ́n ń pe ìyá náà?"

"Àwẹ̀ró."

"Àwẹ̀ró." Ọkùnrin náà tún un pè bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Obìnrin ni, àbí? Ṣé ó yè?"

Ọ̀rọ̀ ọbabìnrin ikán já lulẹ̀ nínú orí Ọdẹ́jìnmí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ó yè, bàbá. Obìnrin ni. Orí rẹ̀ ti funfun. Ayé ní ẹ gbé ìbọn yín sá fún un."

"Ta nínú ayé ló wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn?" ọkùnrin náà béèrè. Kò sunkún. Ó yí ojú sí igbó díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. "Láwọyin ni mí. Ìyàwó mi ń rọbí. Mo ti ki ìbọn sílẹ̀ de ọmọ, etù àti òwú nìkan, kò sí ọta. Mo fi ẹní bò ó kí ìrì má bàa kàn án. Àwọn agbẹ̀bí ní kí n sáré pọn omi odò wá. Mo wo ìbọn náà. Mo ní bí mo bá gbé e dání, tí mo pàdé ẹran, ojú kòkòrò ọdẹ lè mú mi lo ìbọn ọmọ mi. Mo fi í sílẹ̀, mo gbé igbá. Akàbọn wà létí odò, omi ló yọ wá mu, kò tíì tẹ̀dó síbẹ̀ nígbà náà. Kò rí ìbọn kà lọ́jọ́ náà, òun ló fi pa mí láìyára. Ẹnubodè yìí kò gbà mí láìní ìbọn. Mo ti ń dúró kí ìbọn ọmọ mi dún kí n gbọ́."

"Orúkọ wo lẹ fẹ́ sọ ọ́?"

"Bó jẹ́ ọkùnrin, bó jẹ́ obìnrin, Ariwoọlá ni. Sọ ọ́ sí etí ìbọn, yóò gba iná." Láwọyin sún mọ́ ọn. "Nísinsìnyí, gbọ́ ti ẹranko yẹn. Àádọ́rin ọdún ni mo ti ń gbọ́ ọ láti ibí. Bí ìbọn bá ti dún, yóò ka dé ogún, nítorí pé ogún ni ọdẹ tó yára jù fi ń ki ìbọn. Ó máa ń rìn jẹ́jẹ́, ó sì máa ń dé lórí ogún. Kí ló ń jẹ ogún náà tán? Ẹ máa ń da etù láti inú àdó, ẹ ń wọ̀n ọ́n, ẹ ń dà á nù, ẹ ń wá ọta nínú àpò. Gé ọ̀pá esùsú méje tó ní ihò nínú. Wọn etù ìbọn kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fi òwú àti ọta lé e, dí i pa, kó o so wọ́n kọ́ ọrùn. Ṣé o ní èdídí?"

Ọdẹ́jìnmí na èdídí méje igi Apá sí i. Láwọyin wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi ni ọ́ lóòótọ́."

Ọ̀nà ilé ni Ọdẹ́jìnmí ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Iyanrìn ló fi ṣe etù, ọparun ló fi ṣe ìbọn, nítorí irin náà ṣì di oúnjẹ sẹ́nu. Ó ń kà, ó ń kì: méjìdínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélógún, ogún. Kò jẹun ní ọjọ́ tí kò bá dín. Nígbà tó rí òrùlé Olókìtì, ó ti dé mẹ́rìndínlógún.

Ọjọ́ kejìdínlógún ni. Ẹrù ti wà lórí àwọn ènìyàn, ọmọ ti wà lẹ́yìn. Ògúnṣínà kò bèèrè ohun kan. Ó tẹ́ ọ̀pá sínú igi Apá, ó fi awọ tútù dì í kó gbẹ mọ́ ọn, ó fi òrùka irin mẹ́ta há a, ó kan irin ìṣáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Kò jẹ́ kí iná súnmọ́ ọn. Ó wá etù àti ọta tó ṣẹ́kù jọ láti àdó gbogbo ọdẹ, ó tó esùsú méje, kò sì ṣẹ́kù.

Ọdẹ́jìnmí di ọwọ́ ìyá àgbà mú, wọ́n ń lọ sí etí odò ní ọ̀sán gangan, gbogbo abúlé sì ń tẹ̀lé wọn tẹrù-tẹrù. Olúọ́dẹ dúró lójú ọ̀nà.

"O sọ fún Ògúnṣínà pé etù tó wà nínú rẹ̀ kò ní ọta. Ojú ọ̀run lo sì fẹ́ yìn ín sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ní ìjọsí, ewé. Lónìí, ojú ọ̀run. Ohun tí o máa yìn lọ́la ni mi ò mọ̀."

"Etù tí mo yìn sí ewé ni mo fi ṣòfò, bàbá. Èyí ní ẹni tó ni ín." Ó tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ etí ìbọn náà, ó sọ orúkọ kan. Ó na ìbọn sójú ọ̀run, ó fà á.

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti gbọ́ ìbọn ọgọ́rùn-ún. Bàbá mi gbọ́ èyí láti oko ọ̀nà jíjìn, ó ní àwọn ẹyẹ ìlú mẹ́ta ló fò lẹ́ẹ̀kan náà. Omi odò yí padà díẹ̀. Èéfín rẹ̀ funfun, ó gùn lọ sókè bí okùn tí ẹnì kan ń fà láti òkè.

Nínú igbó, Akàbọn ka ìbọn kan. Ó jáde.

Ó ń rìn jẹ́jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń sá. Ení, èjì, ẹ̀ta. Ọdẹ́jìnmí fi eyín tu èdídí esùsú kìíní, ó da etù. Méje. Ó tẹ òwú. Mẹ́jọ. Ó fi ọ̀pá gún un. Òógùn ṣàn wọ̀ ọ́ lójú, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ọta bọ́ sínú koríko. Mẹ́wàá. Àwọn ìpẹ́ ẹranko náà ń kan ara wọn, kẹrẹkẹrẹ, kẹrẹkẹrẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti wá ọta náà, ìka kan sì gbá a léjìká. Ìyá àgbà ni. Kò sá. Ó ti já esùsú kejì lọ́rùn rẹ̀, ó ti tu èdídí rẹ̀, ọta rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti ṣa ẹ̀gúsí láti ọmọdé, ìka rẹ̀ kì í gbọ̀n.

"Gbà," ó ní. "Má wo ilẹ̀."

Méjìlá. Ọta wọlé. Mẹ́rìnlá. Ọ̀pá gún un. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó da ìwọ̀nba etù sí etí rẹ̀, ó gbé e sí èjìká. Akàbọn dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin sí wọn. Ó rí ìbọn tó dìde, kò bẹ̀rù, nítorí ìṣirò rẹ̀ kò tíì pé. Ó gbé orí sókè láti rẹ́rìn-ín, ó sì ṣí abẹ́ ọrùn rẹ̀ tí kò ní ìpẹ́ sílẹ̀.

Mẹ́tàdínlógún ni Ọdẹ́jìnmí fà á.

Ẹranko náà kú pẹ̀lú ìyanu lójú rẹ̀. Nǹkan tó mọ̀ jù lọ ló ṣe é.

Àwọn ènìyàn sọ ẹrù sílẹ̀, wọ́n sáré kọjá òkú rẹ̀ lọ sínú odò, Olúọ́dẹ pẹ̀lú wọn, ó ń bu omi sórí ara rẹ̀ bí ọmọdé. Ìyá àgbà kò wo ẹranko, kò wo omi. Ojú ọ̀run ló ń wò, níbi tí èéfín àkọ́kọ́ ṣì kù díẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́," ó ní. "Èwo ni tèmi?"

"Ti àkọ́kọ́, ìyá àgbà. Bàbá yín ló kì í. Omi ni ó lọ pọn fún ìyá yín ní ọjọ́ náà, ẹranko yìí sì dá a dúró. Kò sá. Ariwoọlá ni ó ní kí wọ́n máa pè yín."

Ó sọ orúkọ náà lábẹ́ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gba igbá lọ́wọ́ obìnrin kan, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ odò, ó pọn omi kún un, ó gbé e rù láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e, ó sì gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ti ń retí omi náà fún àádọ́rin ọdún. Ní ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ọdẹ́jìnmí."

"Ìyá àgbà."

"Ọ̀pá ìlẹ̀kùn mi ńkọ́?"

Ẹnu mi ti ṣófo, ẹ̀yin ará ilé, ohun tí mo kì sínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ dìde, kí ẹ máa lọ sílé. Kí ẹ tó tẹ́ ẹní yín, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.